KoboCollect fún àkọsílẹ̀ ààbò ní sáìtì ìkọ́lé: ibi tó ti dáa àti ibi tó kù sí

Ẹ ṣí ìwé ààbò tó wà lórí tábìlì fọ́máànù ní ọ̀pọ̀ sáìtì, láti Ìdúmọ̀tà títí dé Yábàá: báírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà, “ó dára” láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ò lè mú ẹnikẹ́ni, kò sì lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, iye àjà tí ìjọba fọwọ́ sí gan-an di àríyànjiyàn.

KoboCollect, áàpù tí wọ́n fi ń kọ fọ́ọ̀mù sórí fóònù dípò ìwé, lè tún ìyẹn ṣe. Orí fóònù Android ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń lo iPhone á kọ ọ́ nínú búráúsà. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ìyẹn sì wúlò nínú ihò ìpìlẹ̀ àti láàárín àwọn ilé gogoro Marina. Ẹ tan auto send nínú Settings, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fọ́ọ̀mù tó ti parí á jókòó sí Ready to send, ọ́fíìsì á sì rò pé wọn ò yẹ nǹkan kan wò.

Inú fọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ wà. Bí ẹ bá bi wọ́n nípa sìkáfóòdù (irin àti pákó tí wọ́n ń gùn ṣiṣẹ́ lókè) pé “Ṣé ó dára?”, “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n á máa tẹ̀ títí ilé á fi parí. Ohun tí téèpù lè wọ̀n ni kí ẹ bi: mílímítà mélòó ni irin ìdènà etí rẹ̀ fi ga? Bí kò bá tó 950, kí ìbéèrè fọ́tò àti orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe jáde fúnra wọn. Pákó mélòó ló ti sán? Ṣé pákó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ irin ni, àbí orí iyanrìn lásán ló dúró sí? Lórí ilẹ̀ rírọ̀ Erékùṣù Èkó, ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ni èmi á kọ́kọ́ bi. Ọjọ́ méje-méje ni kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò, àti lẹ́yìn òjò ńlá tàbí ìjì.

Ẹ sọ fọ́tò di dandan, kí ẹ sì kọ new sí appearance rẹ̀, ìyẹn àyè kan nínú ètò ìbéèrè náà nígbà tí ẹ bá ń ṣe fọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló ń yọ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń mú fọ́tò ọjọ́sí láti inú gallery. Ẹ fi max-pixels=1024 sí parameters, àyè mìíràn nínú ètò yẹn, kí fọ́tò lè kéré, kó má baà jẹ dátà tán.

Ẹ má gbọ́kàn lé GPS jù. Ó lè sọ pé ẹnì kan wà ní sáìtì; kò mọ àjà kejì yàtọ̀ sí ìkeje. Ẹ bi àjà lọ́tọ̀.

Àkókò ni àṣírí ti ń tú. Aago fóònù ni start àti end (àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ fọ́ọ̀mù àti èyí tí wọ́n parí rẹ̀) ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá fẹ́ sì lè yí i padà. Aago server, kọ̀ǹpútà tó ń gba fọ́ọ̀mù wọlé, ni _submission_time (àkókò tí fọ́ọ̀mù wọlé) ń tẹ̀ lé, ọwọ́ fọ́máànù ò tó o. Àmọ́ ó fi wákàtí kan dín sí aago Èkó, kí ẹ má lọ fẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Bí fọ́ọ̀mù bá pẹ́ kó tó wọlé, ó lè jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ fi audit kún un: ó ń ṣírò àkókò tó lọ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dáhùn ìbéèrè ogún láàárín ogójì ìṣẹ́jú àáyá kò gun nǹkan kan.

Ó ṣeé ṣe láti fi Yorùbá, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì sínú fọ́ọ̀mù kan náà, lébírà tí kò mọ̀wé sì lè sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Bíríkì já láti òkè, kò ba ẹnikẹ́ni: orí ló yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ó yẹ kó wọ àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì farapa, Employee’s Compensation Act ti 2010 fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ méje láti fi tó NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tó farapa, létí. Fọ́ọ̀mù tó ní wákàtí àti fọ́tò á mú ìyẹn yá.

Ibi tó kù sí ni títún àléébù ṣe. KoboCollect ò ní rán ẹnikẹ́ni létí pé ọjọ́ ti pé. Fọ́ọ̀mù kejì lẹ máa ṣe, tó ń fa nọ́ńbà àléébù láti inú ti àkọ́kọ́, tó sì ń béèrè fọ́tò lẹ́yìn àtúnṣe. Fóònù sì gbọ́dọ̀ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí nọ́ńbà àléébù tuntun tó wọ inú rẹ̀. Níbi ẹni tó máa ṣe àtúnṣe, orúkọ ènìyàn ni kí ẹ kọ. “Kọ́ńtírátọ̀” kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ máa wò ó láràárọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò lè yan ẹni náà, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní sáìtì láṣẹ àtúnkọ tàbí ìparẹ́. Kí onílé àti ẹnjiníà tirẹ̀ lè wò ó tààrà, láì gba ọwọ́ kọ́ńtírátọ̀. Í-meèlì ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ fi ṣí àkántì, nítorí bó bá jẹ́ ti ọ̀gá ààbò fúnra rẹ̀, ọjọ́ tó bá kúrò níṣẹ́ ni àkọsílẹ̀ bá a lọ.