Ẹ̀kọ́ orí fóònù nípa ẹ̀sìn, àṣà àti ìwà ìyapa: ọ̀sẹ̀ kẹrin gbé mi, ọ̀sẹ̀ karùn-ún bí mi nínú

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gba ẹ̀kọ́ yìí lórí fóònù, lálaalẹ́, tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni, nípa ẹ̀sìn, ojú tí a fi ń wo àṣà ẹlòmíràn, àti ìwà ìyapa, ìyẹn ìwà tí àwùjọ kà sí yíyà kúrò lójú ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin nìkan tó kí n sọ pé owó mi kò wọgbó. Èrò Howard Becker, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Amẹ́ríkà, ti ọdún 1963, ni wọ́n tú palẹ̀ níbẹ̀: kò sí ìwà tó jẹ́ ìyapa fúnra rẹ̀; àwọn tó ń ṣòfin ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì lẹ orúkọ náà mọ́ ẹni tọ́wọ́ wọn bá tẹ̀. Ṣe ni mo dá fídíò náà dúró. Ọwọ́ òsì ni mò ń lò. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, olùkọ́ mi máa ń so ọwọ́ náà mọ́ àga kí n lè fi ọ̀tún kọ̀wé. Alágídí ló ń pè mí. Nígbà tó yá, mo di alágídí lóòótọ́, mi ò kọ iṣẹ́ kankan mọ́. Edwin Lemert, onímọ̀ nípa àwùjọ bíi Becker, ti ya oríṣi ìyapa méjì sọ́tọ̀ láti 1951: ìyapa àkọ́kọ́, tí ẹni tó hù ú kò fi ka ara rẹ̀ sí ẹni ọ̀tọ̀, àti ìyapa kejì, tó ń wáyé lẹ́yìn tó ti jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ọmọ yẹn fún mi rí àfi alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kẹta náà dáa. Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun: ohun tí William Graham Sumner, onímọ̀ nípa àwùjọ, ń sọ ní 1906 nìyẹn. Wọ́n ní ká ka àròkọ tí Horace Miner, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ ní 1956 nípa àwọn Nacirema, tí wọ́n ń fi irun ẹlẹ́dẹ̀ àti ìyẹ̀fun oògùn ṣe ètùtù sí ẹnu lójoojúmọ́. Àánú wọn ṣe mí gan-an, títí mo fi ka orúkọ náà láti ẹ̀yìn: American. Ìfọyín ni!

Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ karùn-ún fi dùn mí. Wọ́n to ẹ̀sìn bí àtẹ̀gùn: àwọn tó gbà pé ẹ̀mí wà nínú ohun gbogbo nísàlẹ̀, ọlọ́run púpọ̀ láàárín, Ọlọ́run kan ṣoṣo lókè. Àwọn kan ní “ẹ̀sìn”, àwọn yòókù ní “ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀”. Àtẹ̀gùn Edward Tylor, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ọdún 1871 ni, wọn ò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì péré tí wọ́n kọ́ wa ní Sumner! Gbólóhùn kan ni wọ́n fi sọ ti Émile Durkheim, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Faransé, ẹni tó ti sọ ní 1912 pé ohun tí àwùjọ yà sọ́tọ̀ bí ohun mímọ́, tó sì so àwọn tó dì í mú pọ̀, ni ẹ̀sìn. Ó tiẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀sìn Búdà, pé kì í ṣe orí ọlọ́run kankan ló dúró lé. Mo kọ̀wé sí wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọ́n ní àwọn á wò ó.

Ìdánwò ìparí kò ní láárí, ọdún ni wọ́n kàn ń béèrè. Síbẹ̀, ẹ gbà á nítorí ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin. Bí wọ́n bá tún ìkarùn-ún kọ, màá tún un gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.