Rọ́là orí ògiri fún ajá tó ń sá jáde: lẹ́yìn oṣù 7 tí mo ti ń lò ó

Aago 2 òru, mo dúró lẹ́nu géètì nínú òjò, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi, mò ń pe Bíńgò títí ohùn mi fi há. Kò ju ọjọ́ 9 péré lọ tí wọ́n parí iṣẹ́ rọ́là yìí sórí ògiri mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì yí ògiri ká, gbogbo rọ́là wà níbi tí wọ́n tò ó sí, ẹyọ kan kò yẹ̀. Ajá kò sí nílé.

Ògiri ọgbà mi ga tó mítà 1.8, mo sì rò pé ó tó. Bíńgò kì í fò ó, ńṣe ló ń gùn ún. Yóò sáré bọ̀ láti òkèèrè, yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ta ara ògiri, yóò fi ọwọ́ iwájú méjèèjì kọ́ etí rẹ̀, yóò wá fa ara rẹ̀ sókè bí ọmọ tó ń gun igi. Ibi tó ti ń kọ́ ọwọ́ yẹn gan-an ni rọ́là wà fún. Páìpù gbọọrọ ni, wáyà líle gba àárín rẹ̀ kọjá. Tí ajá bá gbọ́wọ́ lé e, yóò yí, ọwọ́ rẹ̀ yóò yọ̀, yóò sì padà sínú ọgbà. Kò lo iná, kò ní bátìrì, kò ṣe ajá léṣe. Ohun tó jẹ́ kí n rà á nìyẹn.

Bẹ́líìtì ọrùn tó ń fi iná ta ajá bó bá ti súnmọ́ ààlà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ tà fún mi. Mo kọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan lò ó rí. Ajá rẹ̀ rí ológbò níta, ó fara da iná náà, ó sáré kọjá. Nígbà tó fẹ́ padà sílé, iná tún ta á, ló bá dúró síta. Mi ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sọ́rùn Bíńgò.

Ó kọjá aago 6 díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ẹnì kan tó pè mí. Nọ́ńbà fóònù mi tí mo kọ sára bẹ́líìtì ọrùn Bíńgò ló rí. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ajá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà yín síbẹ̀ lónìí. Microchip tí dókítà ẹranko ń fi sábẹ́ awọ dára, ṣùgbọ́n kì í sọ ibi tí ajá wà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń kà á nìkan ló lè rí nọ́ńbà inú rẹ̀.) Mo bá a lábẹ́ ọkọ̀ kan, ó ń gbọ̀n, èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i. Mo pariwo mọ́ ọn. Ó dojú bolẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo pe ilé iṣẹ́ tó ta rọ́là náà fún mi lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní kí n dúró, orin ń kọ sí mi létí fún ìṣẹ́jú 11, ó sì já. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọbìnrin kan gbé e.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ajá ò lè gba orí rọ́là wa kọjá mà. Bóyá ẹ gbàgbé láti ti géètì."

Mo ní mo ti géètì.

"Àbí àwọn ọmọ ló ṣí i mà?"

Mo ní kò sí ọmọdé nílé mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n ya fọ́tò rọ́là ránṣẹ́. Mo fi fọ́tò 14 ránṣẹ́, igun kọ̀ọ̀kan, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 3 lẹ́yìn náà ni èsì dé: rọ́là wà bó ṣe yẹ kó wà, nítorí náà kò sí àbùkù lára ọjà. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin yẹn náà ló gbé e, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì tún kà sí mi létí. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mi ò béèrè bóyá rọ́là wà níbẹ̀. Èmi náà rí i pé ó wà níbẹ̀. Ajá mi ni mò ń sọ.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹni tó wá ṣe iṣẹ́ náà nílé mi. Bàbá àgbàlagbà kan ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ kú ìdààmú o. Ajá náà ńkọ́? Ṣé kò farapa?" Láti àárọ̀, àwọn lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè Bíńgò lọ́wọ́ mi.

Wọ́n dé lọ́jọ́ kejì. Wọn ò gbé àkàbà wá, wọn ò tilẹ̀ wòkè. Ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń rìn yí i ká. Nígbà tí wọ́n dé ibi géètì, wọ́n dojú bolẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fi iná fóònù wo abẹ́ rẹ̀, wọ́n nawọ́, wọ́n sì fa irun pupa kan yọ lára irin. Irun Bíńgò ni. Àlàfo abẹ́ géètì náà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12. Òjò ti mú kí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ajá sì ti họ ọ́ jìn sí i. Ibẹ̀ ni èékánná rẹ̀ ti ya.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí lọ́jọ́ tí mo san owó. Ìgbà wo ló máa ń jáde? Ṣé ènìyàn máa ń wà nílé? Bó bá jáde, ṣé ó ń dúró sítòsí ni àbí ó ń lọ jìnnà? Ṣé òjò máa ń rọ̀? Mo jókòó, mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni Bíńgò ti jáde. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan, ilé dá, orí ògiri ló gbà, tòsí ilé ni mo sì bá a. Méjì tó kù, òru ni, àrá ń sán, ìgbà méjèèjì ló sì lọ jìnnà.

"Àǹtí, ajá méjì lẹ ní," bàbá náà wí. "Ti ọ̀sán, ilé ló sú u. Rọ́là á dá ìyẹn dúró. Ti òru, ẹ̀rù ló ń lé e. Ẹni tí ẹ̀rù ń lé kì í wo ògiri."

Wọ́n ní kí n má ṣe bá a wí mọ́ bó bá padà dé. Ajá kò ní so ìbáwí náà mọ́ sísá tó sá, ohun tó máa rántí ni pé òun dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì pariwo mọ́ òun. Mi ò lè fèsì.

Wọn ò ta nǹkan kan fún mi. Wọ́n ní kí n da kóńkéré sí abẹ́ géètì. Fún ìsàlẹ̀ ògiri, kí n wá àwọ̀n onírin, kí n tẹ̀ ẹ́ ní àárín: apá kan á fara ti ògiri, apá kejì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60, á sùn sílẹ̀ nínú ọgbà, kí n da iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta bò ó. Ẹsẹ̀ ògiri gan-an ni ajá ti máa ń họlẹ̀, orí àwọ̀n náà ló sì máa dúró sí, kò ní mọ̀ pé kí òun sún sẹ́yìn. Wọ́n tún ní kí n gbé dírọ́ọ̀mù omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí ajá tó bá dúró lórí rẹ̀ kò nílò láti fọwọ́ kan rọ́là rárá. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, kí n mú Bíńgò wọ inú yàrá tó wà láàárín ilé, kí n tan rédíò, kí n sì bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Mo tún ń mú un rìn pẹ́ láràárọ̀ kí n tó jáde, mo ń jẹ́ kó gbóòórùn gbogbo ohun tó bá wù ú lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé. Bíńgò sáré, ó fẹsẹ̀ ta ògiri, ó kọ́wọ́ lé rọ́là, rọ́là yí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wòkè. Ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó gbé orí lé ọwọ́. Mo pàtẹ́wọ́ níbi tí mo wà, omi sì bọ́ lójú mi. Láti ìgbà náà, kò tíì jáde lẹ́ẹ̀kan.

Rọ́là náà kò ṣàìní wàhálà. Bí atẹ́gùn bá le, ó ń dún gbàrà-gbàrà mọ́jú. Ní igun kan, àlàfo wà láàárín páìpù méjì, èmi ni mo rí i, èmi ni mo sì ní kí wọ́n wá dí i. Wọn ò gé ẹnu wáyà dáadáa, ó fa apá aṣọ mi ya. Bí ajá yín bá sì jẹ́ irú èyí tó lè fo ògiri kọjá láìfọwọ́ kàn án, ẹ má rà á, kò ní wúlò fún yín. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìyẹn fún mi níbi ìtajà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo mọ̀ pé ohun tí mo sọ nípa rọ́là fúnra rẹ̀ ju 2 lọ, bó bá sì jẹ́ bàbá yẹn nìkan ni mò ń fún ní máàkì, 5 ni mo máa fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo rajà, gígùn ògiri nìkan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi. Èékánná Bíńgò ti hù padà, ó wọ́ díẹ̀. Ìdérí ẹnu páìpù kan já bọ́ lóṣù tó kọjá, mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, mo ṣì ń retí èsì.