Ilé epo méjì, títì kan
Ilé epo méjì ló kọjú síra wọn ládùúgbò wa n'Íbàdàn. Ti ọ̀tún ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́. Ẹ ó rí búrẹ́dì, omi tútù àti ọ́ìlì ọkọ̀ níbẹ̀. Ti òsì kò ní nǹkan kan, àfi màmá ẹlẹ́pà lẹ́nu ọ̀nà.

Epo òsì fi náírà díẹ̀ wọ́n jù ti ọ̀tún lọ? Rárá o, òun ló dínwó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ni kò ní ka náírà díẹ̀ sí? Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ló tú àṣírí wọn: mo sanwó lítà 10, epo ò dójú àmì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ dá mítà padà sí òdo kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀?" Ó ní kẹ́ẹ̀gì mi ló wú. Kẹ́ẹ̀gì wú, bí ikùn!

Lọ́tùn-ún, "Ẹ wo òdo o, sà" ni ọmọbìnrin tó ń ta epo máa ń kọ́kọ́ sọ. Inú ṣọ́ọ̀bù ni ìyọnu tiwọn wà: wọn kì í ní ṣéńjì, súìtì ni wọ́n ń fún èèyàn. Màmá ẹlẹ́pà a máa fi èènì sí i.

Ọ̀tún ni mo ti ń ra epo báyìí, màá wá sọdá lọ ra ẹ̀pà.