Áńpù bàbá mi ò kú o: ohun tí ojú wa rí lórí àpótí tó ń gba orin láti íntánẹ́ẹ̀tì

Mo fẹ́ tètè kọ ọ́ kí inú tó ń bí mi tó rọ̀ tán, torí mo mọ ara mi, tó bá rọ̀ tán màá ní kò burú, ẹlòmíì á sì lọ kó sí irú ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹnjiníà kan tó wá so àpótí náà mọ́ áńpù (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) dúró ní pálọ̀ bàbá mi ní Sùúrùlérè, ó wo ojú àgbàlagbà ẹni ọdún 79, ó ní, "Dádì, áńpù yín ti kú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ, màá fún yín ní 15,000."

Sansui tí bàbá mi rà lọ́dún FESTAC, 1977! Kó tó dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n ti gbé àwo àpàlà kan sí i, wọ́n gbọ́ ojú kìn-ín-ní, wọ́n yí i, wọ́n gbọ́ ojú kejì. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń yí àmàlà. Òun ló wá kú lọ́sàn-án.

Ìdí tí mo fi ra àpótí yìí ni pé ojú bàbá mi ò ríran tó mọ́ láti gbé abẹ́rẹ́ sórí àwo láì ha á, àwọn àwo náà sì ti ń gbó, ó kù sí bíi mẹ́rìnlélógún tó ṣì dún dáadáa. Mo wá ní kí wọ́n máa gbọ́ Spotify (áàpù orin orí íntánẹ́ẹ̀tì) látinú sípíkà ńlá wọn. Mo kọ́kọ́ ra nǹkan Bluetooth kékeré kan ní 9,000, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ẹnìkan pè mí lórí fóònù, ìró ìpè gba gbogbo ilé, mo gbé fóònù dé ẹ̀yìnkùlé, orin já. Èyí tí mo wá rà yìí, Wi-Fi ló ń lò. Fóònù kọ́ ló ń gbé orin fún un, òun fúnra ẹ̀ ló ń lọ mú u wá láti íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù kàn dà bíi rìmóòtù ni. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ orin tán ẹ lè gbé fóònù yín lọ ọjà Tẹ̀júoṣó, orin á ṣì máa lọ nílé.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Àlàbá ni mo ti rà á, 148,000, mo tún san 12,000 kí wọ́n wá bá wa fi sí i nílé. Kí n má parọ́, ọ̀gá tó tà á fún mi ṣe dáadáa. Ó ní kí n ya fọ́tò ẹ̀yìn áńpù ránṣẹ́, ó wò ó, ó ní AUX (ihò tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ orin míì bọ̀) wà níbẹ̀, ó ṣófo, mi ò nílò nǹkan míì. Ó lè ta wáyà olówó ńlá fún mi, kò tà á, ó ní èyí tó wà nínú páálí ti tó. Ìyẹn ni mo fi fọkàn balẹ̀.

Àfi bí ẹnjiníà tó rán ṣe dé. Kò béèrè fọ́tò kankan. Ó wo ẹ̀yìn áńpù, ó rí ibi tí wọ́n kọ PHONO sí, ó ní, "PHONO, ti fóònù nìyẹn." Ó yọ wáyà ẹ̀rọ tó ń yí àwo kúrò níbẹ̀, ó ki ti àpótí bọ̀ ọ́. Mo dúró tì í, mo gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ ni. Ó tan orin. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tó jáde ò ṣeé gbọ́! Ó ń bú, ó ń fọ́, ohùn akọrin dà bí ẹni tó ń kígbe látinú ààrò, férémù tó wà lára ògiri ń gbọ̀n. Bàbá mi fi ọwọ́ di etí. Ẹnjiníà yí fọ́lúúmù sílẹ̀, ó ṣì ń fọ́. Ó gbá áńpù lórí (ó gbá a!). Ó tú ìdérí ẹ̀, ó fẹ́ eruku, ó ní òun rí ohun tó jóná, mo ní kó fi hàn mí, ó ní mi ò lè mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Bọ̀dá, nǹkan yìí dún láàárọ̀ yìí." Ó ní, "Àǹtí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹ̀rọ àtijọ́ ni." Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé tuntun wà ní ṣọ́ọ̀bù, 210,000. Ibẹ̀ ló ti wá sọ ọ̀rọ̀ 15,000 yẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé bàbá mi ò bá a jà. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, wọ́n nù ún títí. Mo ní kí ẹnjiníà jáde. Mi ò bá a jíròrò owó, mo kàn ní kó jáde.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù lórí WhatsApp, mi ò lè tún gbogbo ohun tí mo sọ sọ níbí. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ọmọbìnrin kan pè mí. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni, ohùn ẹ̀ ò ju ti ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ẹ bá mi lọ sẹ́yìn áńpù. Wáyà pupa àti funfun tó ti ara àpótí wá, kí ni wọ́n kọ sí ihò tó wà?"

Mo tan iná fóònù. Mo ní P, H, O, N, O.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Háà! Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ pa áńpù. Ẹ yí fọ́lúúmù wálẹ̀ pátápátá. Ẹ yọ ọ́ níbẹ̀, ẹ fi sí AUX. Áńpù yín ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é."

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí mo ṣe ń yọ ọ́. Ó ní iná tó ń ti abẹ́rẹ́ àwo wá kéré gan-an, bíi 5 mílífóòtì, ìdí nìyẹn tí ihò PHONO fi máa ń kọ́kọ́ gbé ohùn sókè gidigidi, tó tún ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀, torí àwo kì í gba ìyẹn tó. Àpótí wa ní tiẹ̀ lè mú fóòtì 2 (2,000 mílífóòtì) jáde, ìyẹn ìlọ́po 400. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ẹnu ẹni tó ti ń pariwo tẹ́lẹ̀, ṣé ẹ ò ní di etí ni?

Mo tan áńpù. Mo yí bọ́tìnì sí AUX. Mo wá orin jùjú àtijọ́ kan, mo rọra gbé fọ́lúúmù sókè. Ọlọ́run ò. Mo gbọ́ gángan lápá òsì, mo gbọ́ jìtá lápá ọ̀tún, mo gbọ́ ìgbà tí akọrin mí sínú kó tó dá orin. Bàbá mi jáde láti yàrá pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Wọ́n dúró. Wọ́n ní, "Ta ló ní ó kú?" Mi ò lè dáhùn, omi ti ń bọ́ lójú mi. Ọmọbìnrin yẹn ṣì wà lórí ìlà, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn nǹkan tó kù, kí n yára sọ ọ́. Àpótí yìí, Wi-Fi 2.4 GHz nìkan ló ń rí, kì í rí 5 GHz, ó gbà mí ní wákàtí kan kí n tó mọ̀ pé ìyẹn ni kò jẹ́ kó wọlé, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tẹ orin, fóònù yín àti òun gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Tí wọ́n bá mú iná tí wọ́n dá a padà, àpótí máa ń jí kí ráútà tó jí, á máa tan pupa, àfi kẹ́ ẹ yọ ọ́ lára iná kẹ́ ẹ tún fi í sí i. Mo ra UPS (bátìrì tó ń gbé iná dúró) kékeré fún ráútà, ìyẹn ti yanjú. Dátà ńkọ́? Tí ohùn orin bá wà lórí 320 kbps (kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), wákàtí kan jẹ́ nǹkan bíi 144 MB, bàbá mi sì ń gbọ́ tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, ẹ ṣírò ẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó 26 GB lóṣù. Irú èyí tó dún bíi CD á ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ, a ò tan án. Inú mi sì dùn pé púpọ̀ nínú àwọn jùjú àtijọ́, odindi ojú àwo ni wọ́n gbé síbẹ̀ bí orin kan, kò já láàárín.

Tẹ́ ẹ bá ní áńpù àtijọ́ nílé, ẹ má tà á. Ẹ ra àpótí, ẹ fi wáyà ẹ̀ sí AUX, tàbí TUNER, tàbí TAPE IN, gbogbo wọn ló dáa. Tẹ́ ẹ bá sì débẹ̀ ní Àlàbá, ọmọbìnrin yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Wọn ò tíì dá 12,000 mi padà, ẹnjiníà yẹn ò sì tíì pe bàbá mi láti bẹ̀ wọ́n.