Ìkìlọ̀ fún àwọn oníṣòwò Òṣogbo: Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ṣe ìkànnì tí kì í gbé e lé oníṣòwò lọ́wọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo, pàápàá ẹ̀yin aláṣọ àdìrẹ, ẹ̀yin onílé ìtura àti ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, mo ń kọ èyí nítorí pé ọdún Ọ̀ṣun tó máa ń wáyé nínú oṣù kẹjọ ti ń sún mọ́. Àsìkò yìí gan-an ni ọkùnrin kan máa ń lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ní agbègbè Ọláìyá, Ọjà Ọba àti Òkè-Fìà, tí yóò máa sọ pé òun yóò ṣe ìkànnì ayélujára tí àwọn àlejò láti òkè òkun yóò fi rí ọjà yín kí wọ́n tó wọ ìlú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹ lè dá a mọ̀, ì báà jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ni tàbí ẹlòmíràn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú kí ó ṣòro láti fura sí i ni pé kì í gba owó kí ó sá lọ. Yóò gba ìdajì owó, yóò ṣe iṣẹ́, ìkànnì náà yóò sì jáde lóòótọ́, pẹ̀lú àwòrán tó dán lójú fóònù. Inú oníṣòwò yóò dùn, yóò san ìyókù. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ san ₦250,000 fún un. Nígbà tí aró àti aṣọ funfun gbówó lórí, tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ yí iye tí wọ́n ń ta ọjà padà lórí ìkànnì náà, ọkùnrin yìí ní ₦15,000 ni òun ń gba fún àtúnṣe kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n béèrè páásíwọ̀ọ̀dù kí ọmọ rẹ̀ lè máa bá a ṣe é, èsì tó rí gbà ni pé, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n máa bójú tó o fún yín. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, yóò bàjẹ́.” Nígbà tí ọdún yípo, ó bu owó ìsọdọ̀tun tó ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò san. Kò pẹ́ tí ìkànnì náà fi pòórá, àdírẹ́sì ímeèlì tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ń kọ̀wé sí i sì bá a lọ, nítorí pé orúkọ kan náà ni méjèèjì ń lò.

Orúkọ yẹn gan-an ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, ìyẹn orúkọ tí ènìyàn ń tẹ̀ sórí fóònù kí ìkànnì tó yọ. Kò sí ẹni tó ń ra irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọdọọdún ni a ń sanwó rẹ̀, nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tí a fún láṣẹ láti máa forúkọ sílẹ̀. Àjọ NiRA ló ń ṣàkóso àwọn tó parí sí .ng, irú bíi .com.ng àti .sch.ng, nígbà tí àwọn tó parí sí .com wà lábẹ́ òfin ICANN, àjọ tó ń ṣàkóso orúkọ ìkànnì lágbàáyé. Ẹni tí àkáǹtì àti ímeèlì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ yìí ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ni orúkọ náà, kì í ṣe ẹni tó mú owó jáde lápò. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí ń forúkọ gbogbo ènìyàn sílẹ̀ sábẹ́ àkáǹtì ara rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó bá yín ra ilẹ̀, tó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ tòun sínú rìsíìtì.

Àwọn kan yóò ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò lórí WHOIS, ìyẹn àkọsílẹ̀ orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni ti lè wádìí orúkọ ìkànnì, àwọn kò sì rí orúkọ ọkùnrin náà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé WHOIS yóò fi ọjọ́ tí a forúkọ sílẹ̀ hàn, àti ọjọ́ tí yóò parí, àti ilé iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì dára kí ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2018, nítorí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni àwọn ará Yúróòpù, orúkọ ẹni tó ni ín kì í sábà hàn mọ́ fún .com, nítorí náà àìrí orúkọ rẹ̀ kò dá a láre. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó gbé ìwọ̀n ni pé kí ẹ̀yin fúnra yín lè wọ inú àkáǹtì ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ náà, pẹ̀lú ímeèlì tiyín, kí ó sì jẹ́ fóònù yín ni wọn yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí.

Bí orúkọ bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀nà láti gbà á padà gùn. Fún .com, ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní UDRP, tó wà láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ àmì òwò lórí orúkọ náà, owó tí WIPO, àjọ àgbáyé tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, sì ń gbà lórí ẹjọ́ tó kéré jù jẹ́ $1,500. Ẹ fi wé owó tí a fi ṣe ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé kò sí aláṣọ àdìrẹ kankan ní Alẹ́kúwodò tí yóò gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn bá wa yẹ ìkànnì ẹ̀gbọ́n wò nígbà tó ṣì wà lórí afẹ́fẹ́, ohun tó rí kò ṣeé gbọ́ sétí. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀ tí a fi ọwọ́ dà kọ, nọ́ńbà fóònù wà lórí gbogbo ojú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, iye owó sì wà nínú àwòrán, bí ìgbà tí a tẹ ìwé ìpolówó. Ó ṣòro kí Google tó mọ iye owó tàbí irú ọjà tó wà nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè yí i padà láìṣe àwòrán tuntun. Ìkànnì tí yóò dàgbà bí ọjà bá ń pọ̀ sí i kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń kọ orúkọ ọjà, iye owó àti àpèjúwe rẹ̀ sínú àkójọ kan, gbogbo ojú ìwé yóò sì máa mú un láti ibẹ̀. Bí a bá yí i níbẹ̀, ó ti yí káàkiri nìyẹn, ì báà jẹ́ aṣọ mẹ́wàá tàbí ẹgbẹ̀rún kan. Lójú tèmi, ẹni tó mọ èyí tí kò ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ń gbin owó àtúnṣe sílẹ̀ fún ọjọ́ iwájú ni.

Ọkùnrin náà tún gba owó ìwé àṣẹ (láísẹ́ǹsì) lórí WordPress, ètò kọ̀ǹpútà tó fi kọ́ ìkànnì náà. Ọ̀fẹ́ ni WordPress láti ọdún 2003 tó ti jáde, òun sì ni wọ́n fi kọ́ ohun tó ju 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìkànnì ayé lọ. Ọ̀ṣọ́ ìkànnì tó gbé lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní theme, ló yẹ kí a san owó fún, ẹ̀dà tí wọ́n jí, tí kò ní ìwé àṣẹ, ló sì lò. Irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ kì í gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe é ń fi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn olè sì ti fi ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀. Ti SSL, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn rí ohun tí oníbàárà ń tẹ̀ sórí ìkànnì, kò gba àlàyé púpọ̀: àjọ kan tó ń jẹ́ Let’s Encrypt ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, ọkùnrin yìí sì ń gba owó rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kí ẹ tó san ìdajì tó kù fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó jókòó tì yín, kí ẹ fi fóònù tiyín fi ọjà kan kún ìkànnì náà, kí ẹ yí iye owó kan padà, kí ẹ sì wò ó bóyá ó yí. Ẹ wo irú àṣẹ tó fún yín pẹ̀lú: ọkùnrin tí mò ń wí yìí máa ń fún àwọn tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu ní àkáǹtì “Editor”, èyí tó lè kọ ọ̀rọ̀ kí ó sì tún un ṣe, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàkóso ìkànnì náà fúnra rẹ̀. “Administrator” ni kí ẹ gbà. Kí ẹ gba ẹ̀dà ìkànnì náà lódindi sínú fíláàṣì tiyín, kí orúkọ ẹni tí orúkọ ìkànnì yóò wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má tíì bá a jà. Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí orúkọ yín yóò parí. Fún .com, lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ lè fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tó tó 45, ọjọ́ 30 mìíràn sì wà tí a lè fi owó gọbọi rà á padà, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú àkáǹtì nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Bí ọjọ́ 5 mìíràn bá kọjá lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni lè mú un. Nítorí náà, nígbà tí àlàáfíà ṣì wà, ẹ fi WhatsApp kọ̀wé sí i pé ẹ fẹ́ kóòdù tí a fi ń gbé orúkọ lọ sí ilé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ mìíràn, kí èsì rẹ̀ lè wà lákọsílẹ̀. Ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán orí ìkànnì náà kọ. Bí ó bá ti pòórá, ẹ wo Wayback Machine ti Internet Archive, ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀dà àwọn ìkànnì àtijọ́ pamọ́ sí lórí ayélujára, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Ẹ ṣí ímeèlì mìíràn tó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníbàárà yín kí èyí tó wà nílẹ̀ tó kú. Ẹ kó rìsíìtì àti ẹ̀rí ìsanwó báńkì jọ, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn kan án lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Ẹni tó bá ti san ìdajì àkọ́kọ́ fún un nítorí ọdún Ọ̀ṣun yìí, kí ó má san ìyókù títí yóò fi wọ inú àkáǹtì ìforúkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀, tí yóò sì yí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ padà lójú ọkùnrin náà.