Ọgbà Àwọn Afẹ̀yìntì: Ẹ Yẹ Ìwé Àdéhùn Wò Kí Ẹ Tó Wo Adágún Ìwẹ̀

Ìwé ìpolówó àwọn ọgbà tí wọ́n kọ́ fún àwọn tó ti fẹ̀yìn tì jọra bí ìbejì: tọkọtaya olórí funfun tó ń rẹ́rìn-ín, adágún ìwẹ̀, koríko tí wọ́n gé dọ́gba. Nǹkan wọ̀nyí ò burú, àmọ́ kì í ṣe tìtorí koríko lèèyàn ṣe ń ta ilé tó ti ń gbé láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ohun tó yẹ kí ọgbà afẹ̀yìntì tà fún yín ni ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lè dá wẹ̀ mọ́, ta ni yóò ràn mí lọ́wọ́? Ibo ni yóò ti ṣe é? Ta ni yóò san owó rẹ̀? Èyí tí kò bá lè fi ìwé dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé lásán ló ń tà. Ẹ má san ju owó ilé lásán lọ fún un.

Irú ọgbà mẹ́rin ló wọ́pọ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún oníbàárà.

Àkọ́kọ́ ni àdúgbò tí wọ́n fi ọjọ́ orí pààlà sí. Sun City ní ìpínlẹ̀ Arizona, tí Del Webb, oníṣòwò ilé kíkọ́, ṣí lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1960, ló sọ irú rẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1995 gbà wọ́n láyè láti má gba ìdílé tó ní ọmọ kékeré, bí ó bá jẹ́ pé nínú 100 ilé tí èèyàn ń gbé, ó kéré tán 80 ní ẹnì kan tó ti pé ọmọ ọdún 55 nínú. Ire ibẹ̀ kò fara sin: ariwo kò sí, ẹgbẹ́ ẹni ló yí ni ká, ẹlòmíì ló ń gé koríko tó sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò sí nọ́ọ̀sì. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé tí wọ́n bá ti rí gbọ̀ngàn eré ìdárayá. Bí àìsàn bá dé, ẹ̀yin fúnra yín ni yóò wá olùtọ́jú, àpò yín náà ni owó rẹ̀ yóò sì ti jáde.

Àpò ẹgbẹ́ onílé ni àbùkù irú ọgbà yìí máa ń fara pamọ́ sí. Gbogbo ilé ló ń dáwó oṣooṣù, inú rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ owó ìpamọ́ fún òrùlé, títì àti adágún. Bí ìpamọ́ náà bá fúyẹ́ tí òrùlé gbọ̀ngàn sì jò, wọ́n á dá owó ńlá lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì kì í pọ̀ sí i nítorí òrùlé jò. Ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò owó ìpamọ́ wọn. Tí ohun tó wà nílẹ̀ bá tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ kó wà, ara wọn le. Tí kò bá tó ìdá 30, ẹ wá ibòmíì. Owó oṣooṣù tó kéré, tí wọ́n fi ń yangàn, sábà máa ń jẹ́ àmì pé wọn ò tọ́jú nǹkan kan pa mọ́. Ẹ tún béèrè iye ọjọ́ tí ọmọ-ọmọ yín lè sùn lọ́dọ̀ yín láàárín ọdún, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí èyí tó dàgbà jù nínú tọkọtaya bá kú tí èyí tó kù kò sì tíì pé ọmọ ọdún tí wọ́n ń fẹ́.

Ẹ̀kejì ni ilé àyágbé tí wọ́n fi oúnjẹ, ìtọ́jú yàrá àti ọkọ̀ kún. Owó oṣooṣù nìkan lẹ óò máa san. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò, ẹ fún wọn ní ìwé ìfilọ̀ ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta ọjọ́, ó parí. Owó ilé lè gòkè, ìlérí ìtọ́jú kò sì sí, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì mọ̀ bóyá òun lè gbé láàárín èrò, kò sí èyí tó sàn jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọgbà ìtọ́jú títí dópin, ibẹ̀ sì lowó ti ń jáde jù. Nínú ọgbà kan náà, fúláàtì wà fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, ẹ̀ka wà fún ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ẹ̀ka wà fún àrùn ìgbàgbé, ti nọ́ọ̀sì sì wà. Bí ara bá ṣe ń yí lẹ ó máa ti ọ̀kan bọ́ sí ìkejì láì kúrò níbẹ̀. Owó ìwọlé ńlá lẹ óò kọ́kọ́ san, owó oṣooṣù á wá tẹ̀ lé e. Bí àdéhùn ṣe pín ewu láàárín ẹ̀yin àti àwọn ló ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí ẹ máa rí lọ́jọ́ àbẹ̀wò.

Irú àdéhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbẹ̀: A, B àti C. Àdéhùn irú A ń gba owó ìwọlé tó pọ̀ jù, àmọ́ bí ẹ bá wọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì, owó oṣooṣù yín kì í fò sókè, yàtọ̀ sí àlékún ọdọọdún àti owó oúnjẹ. Ìtọ́jú ọ̀la lẹ ń san owó rẹ̀ lónìí. Irú C yí i padà: owó ìwọlé kéré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò nọ́ọ̀sì, gbogbo owó rẹ̀ lẹ óò san. Irú B wà láàárín: wọ́n á fún yín ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n dín owó kù, lẹ́yìn náà kó di owó pípé. Tí ẹ bá ti ní ìnṣọ́ránsì ìtọ́jú ọlọ́jọ́ gígùn (èyí tó máa ń san owó irú ìtọ́jú yìí) tẹ́lẹ̀, irú A máa mú yín san ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, C ló bá yín mu. Tí ẹ ò bá ní, tí àwọn ará ilé yín sì máa ń pẹ́ láyé tàbí tí àrùn ìgbàgbé ti mú ẹnikẹ́ni nínú wọn, A ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Irú B ni kí ẹ fi pẹ́ńsù lọ́wọ́ kà: ṣé ọjọ́ ọ̀fẹ́ náà jẹ́ ti ọdọọdún àbí ti ìgbésí ayé yín lápapọ̀, ṣé tọkọ àtìyàwó ló jọ ni ín àbí ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ẹ má fọkàn sí i pé ìjọba á gba ẹrù yìí. Medicare, ètò ìlera Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65, kì í sanwó ìwẹ̀ àti ìmúra bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lèèyàn nílò. Ọjọ́ tó ń san fún nílé ìtọ́jú nọ́ọ̀sì kò lè kọjá 100 fún sáà àìsàn kan, 20 àkọ́kọ́ nìkan ló sì ń dá san pátápátá.

Ọ̀rọ̀ owó ìdápadà, ìyẹn èyí tí ọgbà máa dá padà nínú owó ìwọlé bí ẹ bá kúrò tàbí tí ẹ bá kú, ni àwọn ajogún máa ń bá wọn jà sí. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ ń jẹ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìwọlé lóṣù kan, nítorí náà nígbà tó bá fi máa pé 50 oṣù, kò sí kọ́bọ̀ tó kù. Àwọn mìíràn á dá ìdajì tàbí ìdá 90 padà nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n owó ìwọlé tiwọn wúwo jù, ẹ sì ní láti ṣírò bóyá ohun tí ẹ fi ń san àfikún náà kò ní mú èrè wá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíì. Gbólóhùn tó yẹ kí ẹ wá rí nínú àdéhùn ni èyí tó sọ pé ọgbà ò ní dá owó padà títí ẹlòmíì á fi gba fúláàtì náà. Bí fúláàtì bá ṣófo fún ọdún méjì, ọdún méjì lowó máa fi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbèdéke sí i. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ti mọ bí ọjà wọn ṣe ń yá sí.

Ta ló máa ń pinnu pé ẹnì kan ti kúrò ní fúláàtì, kó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú? Iṣẹ́ ara mẹ́fà ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀: ìwẹ̀, ìmúra, oúnjẹ jíjẹ, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, dídìde láti orí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, àti dídá ìtọ̀ òun ìgbẹ́ dúró. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ọgbà nìkan ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ pé dókítà tiyín máa wà níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí ẹ lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ náà, “ẹ̀yin la máa kọ́kọ́ fún láyè.” Kò túmọ̀ sí pé àyè wà. Bí ẹ̀ka àrùn ìgbàgbé bá kún, wọ́n lè gbé yín lọ síta ọgbà fún oṣù mélòó kan. Ṣé owó tí ẹ máa san níta lẹ óò san ni, àbí iye tí àdéhùn sọ? Ìdáhùn ìyẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tó ń mú yín yíká ọgbà.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó gbilẹ̀ ní New Zealand. Ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé lẹ ń rà, kì í ṣe ilé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kúrò, ọgbà sábà máa ń yọ ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹ san, bí ilé náà bá sì ti gbówó lórí sí i, àwọn ló sábà máa ń ni èrè. Èyí kì í ṣe jìbìtì, torí pé òun ni wọ́n fi ń jẹ́ kí owó ìwọlé rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé tó sì kúrò lẹ́yìn ọdún díẹ̀ kò ní rówó ra irú ilé tó tà wọ ibẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó máa pè é ní ogún ọmọ. Òfin ibẹ̀ ti ọdún 2003 dára ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíì lọ: lọ́yà tí kì í ṣe ti ọgbà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé àdéhùn fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti yí ọkàn padà.

Ní ti ìgbé ayé ojoojúmọ́, ẹni tí ẹnì kejì rẹ̀ ti kú ló máa ń jàǹfààní jù. Ó máa rí ẹni bá jẹun, àwọn èèyàn á sì tètè mọ̀ bí kò bá jáde láàárọ̀. Ẹni tó ṣubú nílé tó dá gbé lè wà nílẹ̀ fún wákàtí púpọ̀. Àmọ́ ikú kì í jìnnà sí irú ibi bẹ́ẹ̀, àwọn tí ẹ máa bá dọ́rẹ̀ẹ́ á máa lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kì í fara da àìrí ọmọdé. Òfin lórí ẹran ọ̀sìn, àlejò àti àwọ̀ ilẹ̀kùn máa ń bí ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá nílé ara rẹ̀ nínú.

Ẹ mú téèpù ìwọnǹkan dání lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ. Àyè ẹnu ọ̀nà kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 81 tí ilẹ̀kùn bá ṣí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àga onítáyà máa ń há. Nínú balùwẹ̀, àyè ìyípo tó tó sẹ̀ǹtímítà 152 ni àga náà nílò. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ fún gígùn 12. Ẹ fi gbogbo agbára fa irin ìdìmú ara ògiri. Èyí tí wọ́n kàn lẹ̀ mọ́ táìlì máa ń já lọ́jọ́ tí èèyàn bá nílò rẹ̀ gan-an. Okùn ìpè pàjáwìrì gbọ́dọ̀ dé ilẹ̀, nítorí ẹni tó ṣubú kò sí lórí ìdúró. Ẹ tọrọ àyè láti fà á, kí ẹ wo aago títí ẹnì kan á fi dé. Kí ẹ sì béèrè bóyá jẹnẹrétọ̀ ń gbé ẹ̀rọ agbénigòkè bí iná bá lọ, àbí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan.

Ẹ padà lọ lọ́jọ́ Sunday láìsọ fún wọn. Ọjọ́ yẹn làwọn ọ̀gá kì í sí níbẹ̀. Ẹ béèrè iye òṣìṣẹ́ tó máa ń wà ní agogo kan òru fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, àti iye tó fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ẹ jókòó ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ láìsí òǹtajà nítòsí. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n ohun tó yí padà láàárín ọdún méjì.

Ẹ gba ìwé owó tí aṣàyẹ̀wò òde ti fọwọ́ sí, ti ọdún mẹ́ta. Tí 90 nínú 100 fúláàtì bá ní olùgbé, ó dára. Tí kò bá tó 85, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Tí ọgbà bá wọko gbèsè, ẹni tí wọ́n jẹ ní owó ìdápadà sábà máa ń wà lẹ́yìn àwọn báńkì. Ẹ ṣírò àlékún ọdọọdún pẹ̀lú: ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún máa sọ owó oṣooṣù di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọdún 18, ìdá 5 láàárín nǹkan bí ọdún 14.

Tọkọtaya ní ìbéèrè kan tí wọn kì í rántí. Bí ọ̀kan bá wọ ẹ̀ka nọ́ọ̀sì tí ìkejì ṣì wà ní fúláàtì, owó ibi méjì ni wọ́n máa san bí?

Ní ti àkókò, ọgbà ìtọ́jú títí dópin máa ń yẹ ara wò kó tó gbani wọlé, ẹni tí wọ́n ti rí àrùn ìgbàgbé lára rẹ̀ kì í sì í rí irú A gbà. Àwọn tó ń sọ pé “kò tíì tó àsìkò” sábà máa ń dé nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le. Owó orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n lè dá padà, kí àdéhùn sì gbà yín láyè láti sọ pé “kò tíì yá” nígbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀, láìpàdánù ipò yín lórí ìlà.