NAS tàbí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ń lo FOG: èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Láti ìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 làwọn tó ní ibi ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn ti ń bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo lè rà tí màá fi fọ́máàtì gbogbo ẹ̀rọ mi lẹ́ẹ̀kan?"

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò tó márùn-ún, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú: SSD alágbèéká kan ti tó o. Ẹni tó bá ní ju ìyẹn lọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó lè ra NAS, àpótí kékeré tó ń gba dísìkì méjì, kó kó ẹ̀dà Windows tó ti tò sílẹ̀ sínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa lọ fà á níbẹ̀. Ó sì lè ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, kó gbé Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows) àti FOG lé e. FOG jẹ́ ètò ọ̀fẹ́ tó ń gba orí waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì pín ẹ̀dà Windows kan fún ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Mo ti lo méjèèjì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni bí wọ́n ṣe ń lo waya tó lọ́ra, ibẹ̀ gan-an ló sì ti jẹ mí lówó. NAS ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹni tó tà á fún mi fi ihò waya ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí pé gígábíìtì (1000 Mbps) ni, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n kò bi mí nípa suwíìṣì, àpótí tí waya nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo kọ̀ǹpútà ti ń pàdé, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Agbowó, èmi náà ò sì rò ó. 100 Mbps péré ni suwíìṣì yẹn. Irú suwíìṣì bẹ́ẹ̀ ò lè gbé ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 11 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀dà Windows mi, pẹ̀lú gbogbo ohun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, jẹ́ gígábáìtì 18. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ló ń fà á, ìṣẹ́jú 27 péré ni. Mẹ́rìnlélógún ni mo tàn pọ̀, oníkálukú ń fa tiẹ̀ lọ́tọ̀, wáyà kan ṣoṣo tó jáde lára NAS ni gbogbo wọn sì ń gbà. Iṣẹ́ wákàtí 11 nìyẹn.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di òru, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, iná ò sí, gbogbo ẹ̀rọ kú. Gbogbo wọn ti dé nǹkan bíi 70%, kò sí ẹyọ kan tó parí, kò sì sí èyí tó lè máa bá a lọ láti ibi tó dé. Nígbà tí àwọn ọmọ tó ti sanwó fi máa dé ní Mọ́ńdè, ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló ní Windows. Mo dá owó àwọn kan padà.

FOG mọ ohun tí wọ́n ń pè ní multicast. Ẹ wo ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polongo: ẹ̀ẹ̀kan ló máa sọ ọ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Lórí suwíìṣì 100 Mbps yẹn kan náà, ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún parí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 35.

Ó ní àléébù tiẹ̀ o. Ìrìn ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn máa ń rìn. Nígbà tí mo wá ra suwíìṣì gígábíìtì, kò yára rárá, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ tí mò ń wo iná iwájú suwíìṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan yàtọ̀. Mo gé orí waya yẹn, mo rí i pé okùn mẹ́rin péré lẹni tó ṣe é kì bọ ẹnu rẹ̀. Gígábíìtì ò lè ṣiṣẹ́ láìsí okùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Waya kan yẹn ló ń fa gbogbo ilé sẹ́yìn. Ẹ tún yọ ráútà Wi-Fi kúrò lára suwíìṣì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí multicast máa ya wọ inú rẹ̀, á sì dí i pa.

Ní ti iná, NAS kì í jẹ bátìrì ínfátà tó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀. Ní ti ààbò, dísìkì méjì tó ń ṣe ẹ̀dà ara wọn dáa ju ẹyọ kan lọ. Ní ti títò, NAS rọrùn. FOG ń fẹ́ ẹni tí Linux ò bà lẹ́rù, ó sì sábà máa ń gba pé kẹ́ ẹ pa Secure Boot, ètò ààbò tí kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ohun tí kò mọ̀ tàn. Ní ti dátà, tí ẹ̀dà bá ti wà nílẹ̀, méjèèjì ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì.

Tí suwíìṣì yín bá jẹ́ gígábíìtì, tí ẹ sì ti yẹ waya yín wò, NAS ò burú: ẹ̀rọ mẹ́rìnlélógún lè gbà tó wákàtí kan ó lé díẹ̀. Tó bá jẹ́ suwíìṣì àtijọ́ lẹ ṣì ń lò, tówó tó wà lọ́wọ́ ò sì ju ti nǹkan kan lọ, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ fi ṣẹ́ńjì rẹ̀ ra waya tó péye. NAS mi ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ẹ̀dà tó wà lórí FOG ni mò ń tọ́jú sínú rẹ̀.